Ìkòkò Ta Ni?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi tí kò kúrò. Ó bá mi wọ bàálù ní Guangzhou ní Ṣáínà, ó bá mi dúró ní Addis Ababa, ó tẹ̀lé mi délé l'Ékòó. Títí di òní, bí mo bá ń fọ abọ́ lálẹ́, á tún yọjú. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ló bi mí. Orí fóònù ló ti sọ ọ́, nítorí èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò gbọ́ tèmi. Fóònù wá bá wa tú u sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn bí ẹni tí òtútù ń mú: "Tí o bá lọ jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ, ìkòkò ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìkòkò wọn ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé bàtà ọmọdé ni mo ń tà àti pé Guangzhou ni mo ti ń kó o láti 2012, nítorí náà mi ò ní tún ìtàn físà àti kọ̀ńténà sọ. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mo bá wá.

## Ohun tí wọ́n kọ sára ògiri

Ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn ò jìnnà sí Xiaobei, àdúgbò tí àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ sí ní Guangzhou. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Bàbá ń fa ìyẹ̀fun níwájú, ìyá wà nídìí ìkòkò, ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ń gbé abọ́ kiri. Lamian ni wọ́n ń tà, irú núdù kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Bí bàbá yẹn ṣe ń ṣe é ni mi ò lè wò tán. Á gbá ìyẹ̀fun tó ti pò mọ́ tábìlì, pàá! Á mú un lórí méjèèjì, á nà án gbọọrọ títí apá rẹ̀ á fi tán, á ká a sí méjì, á tún nà án. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tó bá fi máa ká a lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, okùn 256 ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì tó ṣẹ́jú, ó ti wà nínú omi gbígbóná. Ọmọ á ti bi ọ́ ṣáájú bóyá o fẹ́ kó tín-ín-rín bí irun ni àbí kó fẹ̀ bí ewé àlùbọ́sà. Omi ẹran màlúù ni wọ́n ń bù lé e, pẹ̀lú ewé tútù, àti epo ata tó pupa tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Yorùbá á fi rò pé òun ti délé.

Orúkọ ìlú Lanzhou ni wọ́n kọ sójú pátákó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará Lanzhou. Hualong ni wọ́n ti wá, àgbègbè olókè kan ní ìpínlẹ̀ Qinghai tí iṣẹ́ oko ò ti fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ènìyàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń rọ́ lọ sí àwọn ìlú ńlá etí òkun láti ta lamian, orúkọ Lanzhou tó ti lókìkí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń fi tà á. (Ẹ má bá wọn wí. Mélòó nínú àwọn tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà l'Ékòó ló mọ ọ̀nà Ọ̀fàdà?) Hui ni ẹ̀yà wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran dé ìran, èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ, ojú wọn ò sì yàtọ̀ sí ti aládùúgbò wọn. Fìlà funfun orí bàbá àti ìborí ìyá lo fi máa dá wọn mọ̀.

Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ iye owó oúnjẹ sí, ọ̀rọ̀ pupa mẹ́rin kan wà. Ọdún 2014 tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni mo ti ní kí aṣojú mi kà á fún mi. Ó ní, "Oúnjẹ ìta kò gbọdọ̀ wọlé." Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, èyí yé mi. Ṣe bí gbọ̀ngàn ayẹyẹ ṣe ń ṣe l'Ékòó nìyẹn, tí wọn ò ní jẹ́ kí o gbé ohun mímu tìrẹ wọlé àfi tí o bá sanwó lé e. Ọ̀rọ̀ ajé. Àlejò lójú, kò fi ríran: ọdún mẹ́wàá gbáko ni mo fi jókòó sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, tí mo rò pé mo mọ ohun tí wọ́n ń wí.

## Ọjọ́ tí mo gbé e wọlé

Oṣù kẹwàá tó kọjá yìí, nígbà ìpàtẹ ọjà ńlá Guangzhou tí wọ́n ń pè ní Canton Fair, mo ti rìn ní ọjà bàtà Zhanxi láti àárọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Aṣojú mi, ọmọbìnrin Han (ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà) kan tó láájò èèyàn gan-an, ra baozi méjì fún mi lójú ọ̀nà. Baozi ni búrẹ́dì funfun rògbòdò tí wọ́n ń fi ooru omi sè, tí wọ́n sì ń ki nǹkan sínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló wà nínú èyí. Ó ní kábéèjì ni. Mo jù ú sínú báàgì tòun ti ọ̀rá, mo gba ṣọ́ọ̀bù lamian yẹn lọ.

Nígbà tí mo jókòó, mo béèrè abọ́ kékeré kan, mo sì bu baozi kan sí méjì sínú rẹ̀, kí n lè máa fi ti omi ẹran. Kábéèjì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láàárín kábéèjì náà, ẹran lílọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń dán fún ọ̀rá.

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Ní Ṣáínà, bí ènìyàn bá ní "ẹran" lásán, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń wí. Tó bá jẹ́ màlúù, á pe màlúù mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ àgùntàn, á pe àgùntàn mọ́ ọn. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kò nílò orúkọ. Ó ń wọ inú ẹ̀fọ́, ó ń wọ inú ọbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí ìdí tó fi yẹ kí òun dárúkọ rẹ̀, bí àwa náà kì í ṣe dárúkọ iyọ̀. Ọmọbìnrin yẹn ò parọ́ fún mi.

Ọmọkùnrin wọn ló kọ́kọ́ rí i. Ọmọ tí mo mọ̀ pé kì í kírun ni o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ti máa ń mu sìgá, àìmọye Jímọ̀ ni bàbá rẹ̀ sì ti lọ tí òun jókòó ti fóònù. Ó gbé lamian mi bọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sínú abọ́ kékeré yẹn, ó dúró gbagidi. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó pe ìyá rẹ̀.

Ìyá jáde, ó wò ó, kò pariwo. Ó fa tíṣù yọ, ọ̀pọ̀ tíṣù, ó fi bo abọ́ náà, ó gbé e lọ síta, mo sì gbọ́ bó ṣe bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí, kọ̀ọ̀. Abọ́ tòun ti oúnjẹ. Ó padà wọlé, ó da omi gbígbóná sórí tábìlì mi, ó nù ún. Ó tún dà á, ó tún nù ún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ dé ìgúnpá. Gbogbo àwọn tó ń jẹun dákẹ́, wọ́n ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, bí kò tilẹ̀ dára láti sọ: mo rò pé àwọ̀ mi ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn á sá. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin nílùú yẹn tí ẹni tó jókòó tì mí dìde, tó fi ọwọ́ bo imú. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà Kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kúrò nínú ilé àti òtẹ́ẹ̀lì ní Guangzhou, àwọn kan sì sun títì. Nítorí náà, nígbà tí mo rí i tó ń da omi gbígbóná síbi tí ọwọ́ mi wà, ara mi gbóná. Èmi Alhaja? Èmi tí mo ti dé Mẹ́kà, èmi ni o ń fọ tábìlì tẹ̀lé? Mo ju owó sílẹ̀, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Òru jìn kí inú mi tó rọ̀ tí mo fi rántí ẹran tó ń dán yẹn. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti gbé ẹlẹ́dẹ̀ wọ ilé Mùsùlùmí, mo sì ti bù ú sínú abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀rọ̀ pupa mẹ́rin ara ògiri yẹn kò bá owó tan rárá.

## Káàdì orí tábìlì

Ọjọ́ kejì, mo padà lọ bẹ̀bẹ̀. Mo ti fẹ́ ra bisikíìtì dání kí n tó rántí pé oúnjẹ ìta nìyẹn náà! Tẹ̀sùbáà kan tí mo rà ní Mẹ̀dínà ló wà nínú báàgì mi, òun ni mo fún ìyá náà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó fa àga fún mi, ó sì mú fóònù rẹ̀ jáde.

Ó ní kì í ṣe èmi. Ó ní "dàròu" ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹran ńlá. Àwọn Hui kì í fẹ́ fi ẹnu wọn pe ẹlẹ́dẹ̀, bí àwọn àgbà wa kì í ṣe é dárúkọ ṣànpọ̀nná, tó jẹ́ pé Olóde ni wọ́n ń pè é.

Mo ní kó má bínú, pé àwa náà kì í jẹ ẹ́. Mo wá ṣí àwòrán ẹbí mi hàn án, kó lè rí i pé ilé ire ni mo ti jáde. Ọjọ́ ìbí màmá wa la ya á: èmi pẹ̀lú ìborí mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ka sí kọ́là náà. Mo ní olùṣọ́ àgùntàn ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bi mí bóyá bàbá wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ní bàbá kan ni. Ìyá ńkọ́? Ìyá kan.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó sọ nǹkan fún un, ọmọ náà sì yọ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó gbé e ka iwájú mi. Ìyá ń fi ìka tọ́ ọ fún mi: orúkọ nìyí, akọ tàbí abo nìyí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀yà. Hui. Ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó ń wo káàdì, ó tún ń wo àwòrán mi, ó ń wá ohun tí wọn ì bá kọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a ó ṣì fi jẹ́ ọmọ ìyá. Èmi náà ń wo ọmọ rẹ̀, tó ń run òórùn sìgá, mò ń wá ohun tó sọ ọ́ di Mùsùlùmí. Kò yé òun, kò yé èmi.

Ìgbà yẹn ló bi mí ní ìbéèrè ìkòkò.

## Orúkọ kan fún mọ́ṣáláṣí àti búkà

Ẹ̀yà 56 ni ìjọba Ṣáínà kà mọ́ ara wọn, mẹ́wàá nínú wọn ló jẹ́ ti Mùsùlùmí. Nínú ètò ìkànìyàn 2020, àwọn Hui lé ní mílíọ̀nù 11, láàárín ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400. Títí di 1956 tí ìjọba ní kí wọ́n yí i padà, ẹ̀sìn àwọn Hui ni wọ́n ń pe Ìsìláàmù níbẹ̀. Èyí ò ṣàjèjì sí wa. Àwa náà pe ẹ̀sìn yìí mọ́ àwọn tó gbé e wá bá wa: ẹ̀sìn ìmàle, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ so mọ́ Mali. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìmàle wọ ilé Yorùbá, ó bá onílé nílé, kò sì sọ onílé di ẹ̀yà mìíràn. Ilé kan náà lè ní ààfáà, olùṣọ́ àgùntàn àti babaláwo, kí wọ́n sì jọ pín ogún. Ní Ṣáínà, ẹ̀sìn yẹn di ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò yé rò. Ohun tí wọ́n ń kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù láti fi hàn pé oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ hàlálì ni "qingzhen": ohun tó mọ́, ohun tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń pe mọ́ṣáláṣí. Bí ẹni pé a fún mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba ní Ìbàdàn àti búkà tó wà ní ìsọdá rẹ̀ ní orúkọ kan.

Ibi tí mo wá bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Nílé, ìlú ló ń bá mi ṣe ẹ̀sìn mi. Làádàánì á jí mi ní Àsùbáà, mo fẹ́ mo kọ̀. Tó bá di Iléyá, ìjọba á fún wa ní ìsinmi, gbogbo àdúgbò á máa run òórùn àgbò. Mo lè gbàgbé pé Mùsùlùmí ni mí láti Sátidé dé Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀ á fà mí létí. Ní Guangzhou, mi ò gbọ́ ohùn làádàánì láti ojú títì rí. Kò sí ẹni tó máa rán obìnrin yẹn létí. Ìkòkò rẹ̀ ló ń rán an létí, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ọmọ rẹ̀ lè fi ìrun sílẹ̀, ó lè fa sìgá, kò tíì jáde nínú ilé. Ọjọ́ tí dàròu bá wọ inú abọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Mi ò sọ pé ó dùn ún gbé. Ó sọ fún mi pé aládùúgbò wọn tó jẹ́ Han ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ò sì tíì jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá lọ kí i ní ọdún tuntun, èso ni wọ́n ń gbà, ọsàn tí wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn bó. Ọmọkùnrin náà sì yọ́ sọ fún mi ní ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ pé òun ní ọ̀rẹ́bìnrin kan tí ìyá òun ò gbọdọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Mi ò béèrè ẹ̀yà ọmọbìnrin náà. Ojú rẹ̀ ti sọ ọ́.

## Ibi tí wọ́n lẹ nǹkan bò

Ní Jímọ̀, Xianxian ni mo máa ń lọ, mọ́ṣáláṣí tó wà láàárín igi nítòsí ọgbà Yuexiu. Sàréè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní Sa'd ibn Abi Waqqas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ló sùn sínú rẹ̀. Àwọn òpìtàn sọ pé Mẹ̀dínà ni wọ́n sin ín sí. Mo ti kí i ní ibi méjèèjì, mi ò rò pé ó bínú. Huaisheng tún wà láàárín ìlú, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 36, tó jẹ́ pé láyé àtijọ́ iná orí rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ̀nà. Àwọn oníṣòwò Lárúbáwá àti Páṣíà ló gbé ẹ̀sìn náà gúnlẹ̀ sí etíkun yẹn, ipa ẹsẹ̀ wọn ò sì tíì parẹ́: ìrun tí èmi ń pè ní Màgàríbà, "sham" ni obìnrin onílamian yẹn ń pè é. Ọ̀rọ̀ Páṣíà ni. Ọjọ́ tí a dá èyí mọ̀, a rẹ́rìn-ín títí, nítorí ìrun kan náà la jọ fẹ́ dìde kí.

Kí Kòrónà tó dé, "hàlálì" wà lójú pátákó ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Lárúbáwá, lókè qingzhen. Nígbà tí mo padà ní 2023, wọ́n ti lẹ nǹkan aláwọ̀ ewé bo Lárúbáwá, Ṣáínà nìkan ló kù. Mo tọ́ka sí i. Ìyá náà ní, "Méi shì," kò sí nǹkan. Láti 2018 ni ìjọba ti mú un le pé ẹ̀sìn yìí gbọ́dọ̀ di ti Ṣáínà. Ní 2019, wọ́n ní kí àwọn ilé oúnjẹ hàlálì ní Beijing yọ Lárúbáwá kúrò lójú pátákó, òrùlé rògbòdò orí ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ní àríwá orílẹ̀-èdè náà sì ti wálẹ̀. Èmi tí mo rí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn, inú mi bàjẹ́. Òun ń bu omi ẹran lọ. Wọ́n lè lẹ nǹkan bo pátákó, inú ìkòkò ò ṣe é lẹ nǹkan bò, bóyá ohun tó ń rò nìyẹn. Bóyá kì í ṣe òun.

Ti àwọn Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí mìíràn tó wá láti Xinjiang, wúwo ju èyí lọ. Ní àwọn ọdún tí mo kọ́kọ́ ń lọ, wọ́n máa ń pàtẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti ẹran àgùntàn sísun sẹ́nu ọ̀nà Xianxian ní Jímọ̀, mo sì máa ń dúró rà á. Ní oṣù kẹjọ 2022, ilé iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ síta pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú gidigidi ní Xinjiang, pé bí wọ́n ṣe kó wọn sí àhámọ́ lè jẹ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn. Mi ò ní fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe àfikún sí ìtàn abọ́ kan.

## Ìyá Fèyí

Ohun tí mo fẹ́ fi parí nìyí tẹ́lẹ̀: pé àwa ò ní irú odi bẹ́ẹ̀, pé ìrẹsì Kérésìmesì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń jẹ lọ́dọọdún láìbéèrè nǹkan kan, pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ṣì ń yọ mí lẹ́nu, ọdún sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni mo bá pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Àìkú tó kọjá. A kíra, a sọ̀rọ̀ owó tòmátò.

Mo ní, "Ìyá Fèyí, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìkòkò wo lo fi ń se ìrẹsì wa?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí Alhaja, ẹ ò mọ̀ ni?"

"Mọ kí ni?"

"Ìkòkò yín ni, ma. Èyí tí a kun ọ̀dà pupa sí nídìí. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, nínú ọ̀rá. Màmá ló rà á fún mi lọ́dún tí mo wọlé, wọ́n ní ti àwọn ọkọ mi tó ń kírun ni. Ẹ ṣáà mọ ẹ̀gbọ́n yín, wọn kì í fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré. A kì í fi ìkòkò yẹn se nǹkan mìíràn. Ṣíbí onígi rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Adìẹ yín sì rèé, bàbá ààfáà ìsọdá wa ni mo máa ń gbé e lọ bá kí wọ́n bá mi dú u."

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Ó di ọdún kọkànlélógún ní Kérésìmesì yìí."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ti wọ ilé ìdáná yẹn bu ẹran láìmọye ìgbà, mi ò rí ọ̀dà pupa rí. Ó bi mí bóyá mo ṣì wà lórí fóònù. Mo ní mo wà níbẹ̀. Ó ní ó tilẹ̀ dáa tí mo pè, pé ìdí ìkòkò náà ti fẹ́ lu, òun sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó dé, ṣùgbọ́n òun ò mọ bóyá ti alumíníọ̀mù ni kí òun rà àbí èyí tó nípọn. Mo ní kó dúró dè mí. Sátidé la máa lọ sọ́jà, èmi ni n óò san owó rẹ̀, mo sì ti ra ọ̀dà pupa kékeré kan sínú báàgì mi.